Iṣu Tó Ń Sùn àti Ẹja Inú Ilẹ̀

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Rábíátù, Àníkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé ní Ìkòyí-Ilé. Ara wa le níbí, a dúpẹ́. Bàbá rẹ ń kí ọ. Ó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, ó ń bá rédíò jà bí ìṣe rẹ̀. Ó ní aṣọ méjì tí o ní kí òun bá ọ dín ti ṣe tán, ṣùgbọ́n bí o bá tún rù sí i, òun kò ní dín aṣọ mọ́, òun yóò kúkú wá gbé ọ padà wálé ni. Mo ní kó jẹ́ kí ọmọ lo oṣù kan ná. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé kò gbọ́.

Yóò yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ, èmi tí mo máa ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí wáàsáàpù títí ẹ ó fi máa bẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ yẹn kò sì ní sùúrù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí mo bá fi ẹnu sọ ọ́, màá sunkún, ìwọ náà á bá mi sunkún, owó orí fóònù á tán, kò sì sẹ́ni tí yóò rí ohun gidi kan dì mú nínú rẹ̀. Ìwé sàn. O lè tún un kà nígbà tí inú bá ń bí ọ sí mi.

Nígbà tí o pè mí nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rín lo fi bẹ̀rẹ̀. O ní ò ń kọ́ àwọn ọmọ Páráàmárì Wáànù rẹ ní ibi tí àwọn ohun ẹlẹ́mìí ń gbé. O bi wọ́n pé níbo ni ẹyẹ ń gbé, wọ́n ní orí igi. O bi wọ́n ní ti eku, wọ́n ní inú ihò. O bi wọ́n ní ti ẹja, gbogbo wọn pariwo pé inú omi, àfi ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Mujídátù. Ó dìde, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Inú ilẹ̀ ni, Áńtí." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín, o ní, "Mujídátù, ṣé ẹja ti di iṣu ni?" Ẹ̀rín tún sọ.

Ibẹ̀ ni ohùn rẹ ti yí padà. O ní láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ti ń pè é ní Ẹja Inú Ilẹ̀, àti pé ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tí kò wá sí ilé ìwé. O wá bi mí pé, "Màmá, ṣé kí n fi í sílẹ̀? Ṣebí á padà wá fúnra ẹ̀ tó bá yá."

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège, mo pa fóònù. Irọ́ ni mo pa, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ohùn rẹ ń dún ketekete létí mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé èmi náà ti bi ara mi ní ìbéèrè yẹn rí, nígbà tí mi ò dàgbà tó ọ, èsì tí mo sì fún ara mi kò dára.

Kí n má bàa dá ọ dúró, ìdáhùn mi rèé: má fi í sílẹ̀. Kò ní padà wá fúnra rẹ̀. Ìyókù lẹ́tà yìí, ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìmọ̀ràn díẹ̀ tí mo so mọ́ ọn, nítorí mi ò tíì rí ìyá tó jókòó kọ lẹ́tà tí kò gba ọmọ nímọ̀ràn.

O mọ̀ pé mo ṣe tíṣà ní àgbègbè yẹn kí n tó fẹ́ bàbá rẹ. Ohun tí mo máa ń sọ fún yín nípa ibẹ̀ ni bí máńgòrò ṣe pọ̀ tó àti bí mo ṣe já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́ níwájú ọjà. Mi ò sọ ti Àsíátù fún yín rí. Bàbá rẹ pàápàá, ìlàjì ló mọ̀.

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà. Ìwé ẹ̀rí Gíréèdì Túù mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, mo sì ń rìn bí ẹni pé èmi ni mo dá ṣọ́ọ̀kì sílé ayé. Wọ́n gbé mi lọ sí abúlé kan lọ́nà Ìkòyí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn tó ni ọ̀rọ̀ ṣì wà láyé. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mí, o mọ̀ wá. Iṣu tí mo mọ̀ ni èyí tí wọ́n tò sọ́jà àti èyí tó ti di iyán. Bí ẹnìkan bá ní kí n tọ́ka ewé iṣu láàárín ewé mìíràn, ẹ̀gẹ́ ni ǹ bá nàka sí.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, irú àkókò tí a wà yìí gan-an. Mo kọ ọ́ sójú pátákó, gàdàgbà gàdàgbà, pé GBOGBO OHUN ẸLẸ́MÌÍ NÍLÒ OMI. Mo ní kí wọ́n máa kà á tẹ̀lé mi. Wọ́n kà á títí ewúrẹ́ tó sùn sẹ́nu ọ̀nà fi dìde kúrò. Mo wá fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo ní kí oníkálukú délé, kó wá ohun ẹlẹ́mìí kan tí òùngbẹ ń gbẹ, kó sì máa fún un lómi lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó dùn mọ́ mi nínú. Mo rò pé kò sí tíṣà tó gbọ́n tó mi ní gbogbo àgbègbè náà.

Àwọn ọmọ yòókù fún adìẹ lómi, wọ́n bomi rin ata àti ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé. Àsíátù lọ bá èèbù bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni, ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ohun tí o bá sọ fún un lẹ́ẹ̀kan, kò jẹ́ gbàgbé. Èèbù ni iṣu tí àgbẹ̀ yà sọ́tọ̀ láti gbìn. Bàbá rẹ̀ ti kó tirẹ̀ jọ sábẹ́ igi, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ àti koríko gbígbẹ bò ó, ó ń dúró de òjò àkọ́rọ̀. Ọmọ náà ṣí koríko, ó wo iṣu, ó rí i pé ó gbẹ, ara rẹ̀ sì ti hunjọ. Lójú tirẹ̀, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Bó bá ti ń ti odò bọ̀, á da ìlàjì omi orí rẹ̀ sórí iṣu, á sì dá koríko padà dáadáa, torí bàbá rẹ̀ kì í fẹ́ kí oòrùn kan èèbù. Odò náà jìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń lọ nítorí iṣu.

Ó wá jíṣẹ́ fún mi ní kíláàsì pé, "Áńtí, mò ń fún iṣu lómi." Mo ní kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Àníkẹ́, mo pàtẹ́wọ́ fún un.

Òjò àkọ́rọ̀ dé. Bàbá rẹ̀ ṣí èèbù láti kó o lọ sóko. Gbogbo rẹ̀ ti jẹrà.

Mo rò pé yóò wá bú mi ni. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì kó tó wọlé. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ọmọ yìí ní ẹ̀yin lẹ ní kóun máa fún iṣu lómi."

Mo ní, "Mi ò dárúkọ iṣu, bàbá. Ohun ẹlẹ́mìí ni mo sọ. Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ló nílò omi. Ó wà nínú ìwé."

Ó mi orí. Ó ní, "Iṣu lẹ́mìí lóòótọ́, ẹ ò parọ́. Ṣùgbọ́n ó ń sùn ni, Tíṣà. Ta ní í da omi sẹ́nu ẹni tó ń sùn? Tó bá jí, á hù, ìgbà yẹn la ó mọ̀ pé ó fẹ́ mu omi. À bá ti sọ fún yín. Ẹ ò kàn bi wá ni."

Ó na ọwọ́ sí Àsíátù. Ọmọ náà mú síléètì rẹ̀, ó dìde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn wò mí. Ó ń dúró kí n sọ̀rọ̀. Mo kọjú sí pátákó.

Lọ́jọ́ kejì, hẹ́dímásítà wa pè mí. Àgbàlagbà ni, kì í pariwo. Ó ní, "Lọ bá ọkùnrin yẹn nílé rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kékeré ló kù, á dá ọmọ padà. Èèyàn dáadáa ni." Mo ní kí ni mo ṣẹ̀? Mo ṣí ìwé, mo fi ojú ewé hàn án. Mo ní kí wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀, á padà wá fúnra rẹ̀ tó bá yá. Tún gbólóhùn yẹn kà, Àníkẹ́. Tìrẹ gan-an ni.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, èkejì kọjá. Ọdún náà le fún wọn, ẹni tí kò rí iṣu gbìn, kí ni yóò wà? Mo gbọ́ pé wọ́n ti mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní abúlé mìíràn, kó lọ máa bá a ṣa èso ẹmi tí wọ́n fi ń ṣe òrí. Nígbà tí ọdún parí, wọ́n gbé mi padà sí Ọ̀yọ́. Láti ilé ìwé wa sí ilé ọkùnrin náà kò tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mi ò rìn ín.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn tó. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kó fún ọ báyìí.

Èkíní. Kí o tó sọ fún àwọn ọmọ ibẹ̀ pé báyìí ni ohun kan ṣe ń gbé, bi wọ́n ná. Bí wọ́n bá sì dáhùn, tún bi wọ́n pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Ìbéèrè kejì yẹn ṣe pàtàkì ju èkíní lọ. Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n àwa tíṣà, a máa ń rò pé àwa nìkan ló yẹ ká máa béèrè ohun tí a ti mọ èsì rẹ̀. Ká ní o ti bi Mujídátù pé báwo ló ṣe mọ̀ ni, ẹ̀rín yẹn ì bá má bẹ̀rẹ̀ rárá.

Èmi bá ọ bi ẹlòmíràn. Ráúfù, àbúrò bàbá rẹ tó ń wa mọ́tò lọ sí ọ̀nà Ìkòyí, tí yóò gbé lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ, ni mo bi. Mo ní ṣé ẹja ń gbé inú ilẹ̀? Ó fi mí rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ ò mọ àrọ̀ ni? Tódò bá ti ń gbẹ, á wọnú ẹrẹ̀ lọ. Ẹrẹ̀ á gbẹ lókè, òun á wà nísàlẹ̀ níbi tó ṣì tutù díẹ̀, ó di ìgbà tójò bá rọ̀. Ọkọ́ la fi ń wà á. Ẹ máa rí i tó ń mí." Ó ní òun náà ti bá wọn wà á rí ní àgbègbè ibẹ̀.

Ṣé o rí i báyìí? Ó dájú pé ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn ti dúró ti bàbá rẹ̀ létí odò tó ti gbẹ, ó rí i tí wọ́n fi ọkọ́ wú ẹja láàyè jáde nínú ilẹ̀. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló sọ. O sì bi í bóyá ẹja ti di iṣu. Tèmi ni mo fi ń sọ̀rọ̀ o, mi ò bá ọ wí. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ dá Ilé-Ifẹ̀ tèmi nìkan, ojú sì tì mí.

Èkejì. Ìwé tí o fi hàn mí kí o tó lọ, tí àwòrán inú rẹ̀ dùn ún wò, má jù ú nù. Ó dára kí ọmọ mọ̀ pé ẹranko funfun kan wà tó ń gbé lórí yìnyín. Ayé fẹ̀, jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n má ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti ara ọmọńlé tó lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì rẹ. Kí ló ń jẹ? Níbo ló ti ń mu omi? Kí ló dé tó fi fẹ́ ògiri ju igbó lọ? Bí wọ́n bá ti parí ti ọmọńlé, ẹ bọ́ sí ẹ̀yìn kíláàsì, ẹ lọ wo ọ̀gán. Ọ̀gán kan ṣoṣo lè tó ọ fi kọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ kan, kò sì ní ná ìjọba ní nǹkan kan.

Ẹ̀kẹta. Má kó ohun ẹlẹ́mìí wá bá ọmọ, ọmọ ni kí o mú lọ bá a. Èyí náà, mo fi ojú ara mi rí i. Nígbà tí mo padà sí Ọ̀yọ́, mo kó légbénlègbé sínú ike kan, mo pọn omi kún un, mo gbé e sójú fèrèsé kí àwọn ọmọ lè máa rí i bó ṣe ń di ọ̀pọ̀lọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni. Nígbà tí a fi máa padà dé ní ọjọ́ Ajé, oòrùn ti bá omi sọ̀rọ̀ títí ó fi gbóná, gbogbo wọn ti kú. Ọmọ kan bi mí pé, "Áńtí, ṣebí ẹ ní omi ni wọ́n ń fẹ́? Omi kúnnú ẹ̀." Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí omi yóò dójú tì mí. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ibùgbé kì í ṣe omi lásán. Òjìji wà níbẹ̀, ewé tó ti rà wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ wà níbẹ̀, àti àwọn mìíràn tí wọ́n jọ ń gbé. Bí o bá yọ gbogbo ìyẹn kúrò, tó ku omi nìkan, ẹ̀wọ̀n lo kọ́ fún un.

Ṣùgbọ́n tí o bá ń kó wọn jáde, má dá nìkan kó wọn wọ inú koríko o. Wá àgbàlagbà kan tó mọ ibẹ̀ kó bá yín lọ, kí bàtà wà lẹ́sẹ̀, kí igi wà lọ́wọ́. Ejò náà ní ibùgbé.

Ẹ̀kẹrin. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mi ò sọ pé kí kíláàsì rẹ má rẹ́rìn-ín. Kíláàsì tí kò rẹ́rìn-ín, ilé òkú ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín bá ti dojú kọ ọmọ kan ṣoṣo, tètè bọ́ sáàárín. Bó bá jẹ́ ìwọ lo fà á, kí gbogbo kíláàsì gbọ́ ọ nígbà tí o bá ń sọ pé o ṣì í. Kò ní dín iyì rẹ kù. Ìbẹ̀rù tí mo ní nígbà náà nìyẹn, pé bí mo bá lọ bẹ àgbẹ̀, àwọn ọmọ kò ní bọ̀wọ̀ fún mi mọ́. Ta ló ń bọ̀wọ̀ fún mi báyìí nítorí pé mi ò lọ?

Mi ò ka iye rẹ̀ mọ́. Èyí tó kù yìí, tìrẹ ni. Ìwọ náà, ohun ẹlẹ́mìí ni ọ́. Ohun tí ò ń kọ́ wọn lójú pátákó, máa fi ṣe ara rẹ. Jẹun láàárọ̀ kí o tó lọ. Bisikíìtì kì í ṣe oúnjẹ, mo sọ ọ́ títí ẹnu mi fi bó. Se omi kànga kí o tó mu ún. Ra nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé yàrá yẹn. Jáde sí àdúgbò, kí àwọn ará ilé kejì, mọ orúkọ ọmọ wọn. Bó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, má ti ara rẹ mọ́lé pẹ̀lú fóònù. Tíṣà tí kò ní ojúlùmọ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ kò yàtọ̀ sí légbénlègbé inú ike. Àárò rẹ ń sọ mí, mi ò ní parọ́ fún ọ. Mo ṣì máa ń bu oúnjẹ rẹ mọ́ tiwa.

Mo ti ń sá fún ibi tó kù láti ìbẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí ara ẹ̀gbọ́n mi kò yá, mo lọ bá a ní ọsibítù ní Ògbómọ̀ṣọ́. O rántí, ìwọ lo bá mi gbé báàgì dé gáréèjì. Mo jókòó lórí bẹ́ńṣì lọ́dẹ̀dẹ̀. Obìnrin kan jókòó tì mí, ó gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ sẹ́sẹ̀. Ó na ìgò oògùn sí mi, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ti ara ẹ̀. Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní lójúmọ́ àbí ẹ̀ẹ̀mẹta?" Mo kà á fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ó dúpẹ́, ó ní òun ì bá ti fún un lẹ́ẹ̀mejì. A wá ń sọ̀rọ̀. Ó bi mí pé ọmọ ibo ni mí, mo ní Ọ̀yọ́, àmọ́ mo ti ṣe tíṣà rí lọ́nà Ìkòyí. Mo dárúkọ abúlé náà.

Ó wo ojú mi. Ó ní, "Tíṣà. Èmi ni mo bomi rin iṣu."

Àníkẹ́, mo fẹ́ kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó di apá mi mú. Ó ní, "Háà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá mi. Ó ti pẹ́." Ó ń rẹ́rìn-ín, kò ní mí sínú rárá, ìyẹn ló sì pa mí jù. Mo ní ṣé ó rántí. Ó ní, "Ìwé ni mo gbàgbé, mi ò gbàgbé yín. Mo retí yín nígbà yẹn. Bàbá mi ní bí Tíṣà bá fi lè yọjú lásán, òun á dá mi padà. Gbogbo àárọ̀ ni mò ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa, mò ń wo ọ̀nà ilé ìwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbà tí màmá àgbà wá mú mi, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí i."

Nọ́ọ̀sì pè é, ó gbé ọmọ dìde, ó wọlé. Mi ò tún rí i mọ́.

Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Omi tí mo ní kí ọmọ ọlọ́mọ dà síwájú, ilẹ̀ gbígbóná ló fi tẹ̀ láti ọdún náà wá. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ni, òun ni mo sì jẹ́ kó ru ẹ̀bi.

Nítorí náà, nígbà tí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ rẹ ní ọ̀la, má lọ sílé lọ gbé ìkòkò kaná. Bí ilé ìwé bá ti parí, béèrè ilé Mujídátù, kí o sì rìn ín. Bí o bá dé ibẹ̀, kúnlẹ̀ kí àwọn òbí rẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ, má sọ̀rọ̀ ìwé. Sọ pé, "Ẹ bá mi bẹ Mujídátù. Òun ló jàre, èmi ni mi ò mọ̀." Sọ ọ́ lójú ọmọ náà. Lẹ́yìn náà, bẹ bàbá rẹ̀ bóyá ó lè fi odò tó gbẹ yẹn han kíláàsì rẹ, kó mú ọkọ́ rẹ̀ dání. Kí Mujídátù ṣíwájú, kí gbogbo àwọn tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ máa tẹ̀lé e lẹ́yìn. Bí wọ́n bá rí ẹja tó ń mí nínú ilẹ̀, orúkọ tí wọ́n fi bú u yóò di orúkọ tí yóò máa fi yangàn. Bí ẹ bá sì wà á tí ẹ kò rí i, kò burú. O ti dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Ráúfù yóò gbé àpò kan fún ọ. Aṣọ rẹ méjèèjì wà níbẹ̀, pẹ̀lú gààrí àti ẹ̀pà. Nísàlẹ̀ rẹ̀, mo di èèbù mẹ́ta sínú bébà. Ọgbà ilé ìwé ni kí ìwọ àti àwọn ọmọ gbìn ín sí. Má gbìn ín ní ọjọ́ tó bá wù ọ́, bàbá Mujídátù ni kí o bi. Títí di ìgbà náà, gbé e síbi tó gbẹ, tó ní òjìji, jẹ́ kó máa sùn.

Má bomi rin ín o.

Èmi ni ìyá rẹ,
tíṣà tó kọ́ Àsíátù.